Ìwé Tó Dorí Kodò

Ẹ sún mọ́ bí, ẹ fìdí lélẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ìwé kíkà ṣe di ohun ẹ̀rù nínú ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ rán lọ sílé ìwé. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á tẹ́ ìwé sórí itan, á máa kà á sókè, á máa kọsẹ̀. Kì í ṣe olódo o. Bó bá fojú wo ebè lásán, ó ti mọ bí iṣu inú rẹ̀ yóò ti tó. Ìwé ni kò wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á jókòó kọjú sí i, á máa bó ẹ̀gúsí, nítorí iṣẹ́ ọmọbìnrin kì í dúró. Àmọ́ ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ìwé yẹn. Láti ibi tó jókòó sí ló ti mọ̀ ọ́n kà, bí ìwé ṣe dorí kodò sí i.

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, Yèyé bẹ Bàbá títí ó fi gbà kí àwọn méjèèjì mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ forúkọ sílẹ̀. Mo di ìró Yèyé mú, mo tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ kọjá lórí, ó kan etí kejì, tíṣà ní ó ti tó ọmọ ilé ìwé. Ká ní Yèyé panu mọ́ ni!

"Tíṣà, ọmọ mi ti mọ uwé kà o."

"Ọmọbìnrin yìí? Gbà, kà á ká gbọ́."

Ó wo ìwé náà títí, kò rí nǹkan kan sọ. Gbogbo àwọn òbí tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ló bá dorí ìwé náà kodò, ó ń kà á geere.

"Ṣé àdán ló kọ́ ọ ni?" Tíṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín tún sọ. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá."

Òtítọ́ ni, òtítọ́ yẹn ló sì bà á jẹ́. Ìyá àgbà kan rọra fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Bí kì í bá ṣe ènìyàn, a mọ irú ẹni tó kọ́ ọ," ni Bàbá wí. "Ó tó. A ń re ulé."

Ẹ̀gbọ́n mi kò padà síbẹ̀ mọ́. Bó bá ń kọjá, àwọn aládùúgbò á pe ọmọ wọn wọlé. Nígbà tó yá, òun náà ń bẹ̀rù ara rẹ̀. Bó bá rí nǹkan tí wọ́n kọ sára ògiri, á yíjú. Ìgbàrà-Odò ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ ló kú sí.

Nígbà tí Bàbá náà ti kú, tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ló jogún oko kòkó Bàbá, oko náà sì yẹ ẹ́. Aṣọ òfì ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kàn mí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló jogún ẹ̀rù náà. Ó ti di tíṣà, síbẹ̀, kó tó ṣí ìwé nínú ilé, á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.