Máfúlà Àǹtí Bernice

Lọ́dún 1984, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ní Festac, tí ẹ rí obìnrin kan tí òógùn bo iwájú orí rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ gígùn méjì sì yọ ṣóńṣó lẹ́nu báàgì rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Ìyáàfin Bernice Olúgbóyèga ni. Ẹni tó bá jókòó tì í ní láti máa ṣọ́ ojú ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí báyìí, yóò fa òwú yọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hun, yóò sì máa yọjú wò bóyá àwọn èrò ń wo òun. Wọ́n ń wò ó, kò sí irọ́ níbẹ̀. Nínú ooru oṣù kẹta, ta ni kò ní wo ẹni tó kó wúlù jọ sórí itan?

Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú Festac. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ rẹ̀, fúláàtì tí ìjọba fún wọn ní Fourth Avenue ni wọ́n sì ń gbé. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní Àǹtí Bernice, àwọn òbí náà sì gbà á lẹ́nu wọn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jìnnà sí ẹnu rẹ̀ rí: "Èmi o, ọwọ́ òyìnbó ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí." Ó ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń sọ ọ́ nídìí omi ẹ̀rọ, ó sọ ọ́ fún ọkùnrin tó wá tún páìpù ilé ìdáná rẹ̀ ṣe, ẹni tí kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ju ibi tí omi ti ń jò lọ.

Òótọ́ ni pé òyìnbó kọ́ ọ. Èyí tí kì í sọ ni pé òyìnbó náà, Míìsì kan báyìí tó ń kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, kó ẹrù rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun lọ sílé kí sáà tó parí. Ó ti kọ́ wọn bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ́ wọn bí a ṣe ń hun lọ tí a ń hun bọ̀. Bí a ṣe ń parí aṣọ ló kù, ìyẹn ló sì bá a wọ ọkọ̀ òkun.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń parí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá sì ń hun wúlù mọ̀ pé ojú òwú tó wà lórí abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun àfiṣeré. Bí a bá fa abẹ́rẹ́ yọ láìpa àwọn ojú náà dé, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta yóò tú padà di òwú. Ṣé kò lè béèrè ni? Ọ̀dọ̀ ta ni ẹni tó ti fi ọdún méjìdínlógún pariwo òyìnbó yóò ti wá lọ béèrè?

Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń hun láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí rẹ̀: máfúlà, ìyẹn aṣọ gígùn tí àwọn ará ìlú òtútù ń wé mọ́rùn. Ní Festac o, níbi tí ọyẹ́ kì í dúró jẹun kó tó lọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ rí já jẹ a ra abẹ́rẹ́ gidi, àwọn yòókù a ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ tàbí kí wọ́n pọ́n wáyà kẹ̀kẹ́ lẹ́nu. Àǹtí Bernice a pàṣẹ pé, "Ojú ogún!" Ọmọ méjìlélógójì a kó ojú ogún ogún sórí abẹ́rẹ́, ó di híhun.

Bí ọmọ kan bá wá sọ pé, "Àǹtí, tèmi ti gùn tó, kí ni kí n ṣe sí i?" ìdáhùn kan náà ló ń gbà. "Máa hun ún lọ. Ta ló sọ fún ẹ pé ó ti tó?"

Wọ́n á hun ún lọ. Ti Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá, wé e mọ́rùn lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ṣì ń wọ́lẹ̀. Kóróṣé ńkọ́, èyí tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ onígọ̀gọ̀ kan ṣoṣo hun? Ṣéènì nìkan ni Àǹtí mọ̀ nínú ìyẹn, okùn tín-ín-rín tí kì í di nǹkan kan. Ọmọ kan fi tirẹ̀ so ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ mọ́ òpó, ìyẹn nìkan sì ni iṣẹ́ ọwọ́ kíláàsì náà tó wúlò fún ẹnikẹ́ni lọ́dún yẹn.

Ní òpin sáà, àwọn òbí ń retí iṣẹ́ tó parí. Ibẹ̀ ni Làtífátù ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó awakọ̀ kan ni, Abúlé Adó ló ń gbé, ó sì ń hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun tà lábẹ́ agboòrùn ní Apple Junction. Kò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í sinmi, ó lè máa hun kó máa nájà kó sì máa kìlọ̀ fún ọmọ tó fẹ́ sáré kọjá títì, kí ojú kan má sì bọ́ lórí abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Àǹtí Bernice a gbé àpò máfúlà lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé. "Ìyá Fàósátù, ọwọ́ mi dí jù, jàre. Máàkì tí mo fẹ́ kọ kò jẹ́ kí n gbádùn. Bá mi parí ìwọ̀nyí."

"Kò burú, Àǹtí."

Òun náà kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Nínú ẹ̀sẹ́ńkò ọkọ rẹ̀, ìyẹn mílíìkì àti ṣúgà àti Omo tí wọ́n ń pín fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nígbà tí ọjà ọ̀wọ́n, yóò mú agolo mílíìkì kan dání. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí o. Bí Làtífátù bá ti fọwọ́ kan máfúlà àkọ́kọ́, Àǹtí Bernice yóò kọ ẹ̀yìn sí i, yóò máa wo ọkọ̀ tó ń lọ. Ìgbà mélòó ni ohun tó ń wá fún ọdún méjìdínlógún wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sẹ́yìn rẹ̀, tó sì kọ̀, tí kò bojú wẹ̀yìn! Ó rò pé bí òun bá wò ó, obìnrin yẹn á mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Làtífátù ti mọ̀ látọjọ́ tó pẹ́. Ó kàn mú mílíìkì rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí títí Fàósátù, ọmọ Làtífátù, fi wọ kíláàsì kẹrin, kíláàsì Àǹtí Bernice, ní oṣù kìíní ọdún 1985. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ tó mú fìlà ọmọ tuntun kan wá. Ó ti parí. Kódà ó gbé bọ́ọ̀lù wúlù rogodo kan lé e lórí. Kíláàsì ké yéè.

"Ta ló parí ẹ̀ fún ẹ?" Àǹtí Bernice béèrè.

"Èmi ni, mà. Màmá mi ló kọ́ mi."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló dúró síwájú Àǹtí yìí, tó mọ ohun tí òun kò mọ̀, àwọn ọmọ mọ́kànlélógójì yòókù sì ti ń na ọrùn kí wọ́n lè rí bó ṣe ṣe é. "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà," ló wí. "Nínú kíláàsì tèmi, a kì í parí iṣẹ́ àfi tí mo bá ní kẹ́ ẹ parí." Ó wá ìdí òwú, ó já a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Fìlà ń tú, bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di òwú wíwọ́ lórí tábìlì. "Tó o bá tún dán irú ẹ̀ wò, màá nà ẹ́." Ìwà ìkà ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù rẹ̀ nílẹ̀, ó ṣa òwú rẹ̀ lórí tábìlì, ó ká a jọ.

Nígbà tí sáà ku ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, pe Àǹtí Bernice sí ọ́fíìsì. Ipò igbákejì ọ̀gá ti ṣófo. Àǹtí àti Ọ̀gbẹ́ni Bíọ́dún tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń wò fún un, alábòójútó ẹ̀kọ́ tí yóò mú ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀ ní Ọjọ́ Àfihàn Iṣẹ́, lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ló sì fẹ́ wò. Kí Àǹtí tó délé, ó ti dá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì lóhùn bí igbákejì ọ̀gá. Ó ti lọ fún télọ̀ ní ìwọ̀n ẹ̀wù. Wọ́n ní ó tiẹ̀ jókòó, ó ń kọ́ bí yóò ṣe máa buwọ́ lùwé.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé àpò lọ sí Apple Junction. Ọmọ ti ròyìn fún ìyá, Làtífátù sì ti ń dúró dè é.

"Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹ kọjú sí mi lónìí. Ẹ wo ohun tí n ó ṣe yìí, kò pẹ́ rárá."

"Kí n wo kí ni? Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi? Èmi tí òyìnbó…"

"Òyìnbó ti lọ, Àǹtí. Èmi ni mo wà níbí." Làtífátù mú agolo mílíìkì, ó dá a padà sínú àpò. "Bí ẹ ò bá wò ó, ẹ máa gbé e lọ. N kì í tú ti àwọn ọmọ kíláàsì yín. Ẹ̀yin lẹ tú ti ọmọ mi."

Ẹni tó gbọ́n ì bá jókòó. Àǹtí Bernice gbé àpò, ó gbé imú pẹ̀lú rẹ̀, ó kọjá sí òdìkejì títì. Nílé, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ó gbìyànjú ọ̀kan fúnra rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, máfúlà náà ti dà bí ibi tí eku bímọ sí. Ẹ̀rù tòótọ́ wá bà á. Àwọn ìyá ti ń pè é ní igbákejì ọ̀gá.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó fi gbogbo máfúlà kọ́ sára okùn pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lórí wọn. Ó ní ohun tí àwọn ọmọ ń ṣe lọ́wọ́ ni. Àwọn òbí kún gbọ̀ngàn, Làtífátù dúró lẹ́yìn pátápátá. Alábòójútó dé, Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́, obìnrin tó sanra, tí ẹ̀rín kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó nawọ́ mú ti Ọmọ́ṣaléwá, ó ń fà á, kò tán.

"Ó mà gùn o! Àgùnfọn ló fẹ́ lò ó ni?" Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. "Ó dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àǹtí, ẹ bá mi parí eléyìí, kí n gbé e dé ọ́fíìsì lọ fi hàn wọ́n."

Àǹtí Bernice jókòó. Ó mú abẹ́rẹ́, ó sì ṣe ohun tó mọ̀: ó hun ún lọ. Ó hun ìlà kan, ó yí i padà, ó tún hun òmíràn. "Ó kù díẹ̀, mà." Ìlà kẹta, ìlà kẹrin. Òógùn ń kán sórí wúlù. Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé wúkọ́. Ìlà kẹfà. Kò lè dúró, torí bó bá dúró, wọ́n á béèrè ohun tó dá a dúró.

Ni Fàósátù bá rìn wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ká òwú, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Àǹtí, ẹ hun ojú méjì. Ẹ wá gbé ti àkọ́kọ́ gba orí èkejì, kó bọ́ sílẹ̀. Ẹ tún hun ẹyọ kan."

Ó hun méjì. Ó gbé ti àkọ́kọ́ gba orí èkejì. Kò tú. Ó tún ṣe é, kò tú. Ohun tó fi ọdún méjìdínlógún sá fún kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ṣe é dé ìparí, ó já òwú, ó na máfúlà náà sókè, gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́.

Ẹnu rẹ̀ kò lè gba ìsinmi. "Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn, mà," ló wí.

"Ẹ kú iṣẹ́!" Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó mú báírò, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ipò ti ń bọ̀, ó ti dé ẹnu báírò.

Fàósátù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò sí àrékérekè kankan lójú rẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé a ti lè máa parí tiwa báyìí? Ẹ ò ní tú u mọ́?"

Báírò dúró. Ìyáàfin Fọlọ́runṣọ́ yí ojú sí Àǹtí Bernice, òun náà fẹ́ gbọ́ èsì. Àǹtí wo ọmọ náà. Ó wá irọ́ kan, èyíkéyìí, òun tí irọ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àmọ́ gbogbo èyí tó rí ni yóò sọ ọmọ tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ yìí di òpùrọ́. Ìtìjú mú un dé eegun.

"Ẹ máa parí ẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ mi."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn, àwọn òbí ń gbá ara wọn léjìká, Ọ̀gbẹ́ni Bíọ́dún ń nu omijé ẹ̀rín, ọ̀gá iléèwé gan-an di tábìlì mú kó má bàa ṣubú. Làtífátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn wá síwájú, ó mú máfúlà mìíràn lórí okùn, ó jókòó ti Àǹtí Bernice, ó ní, "Ẹ kọjú sí mi, Àǹtí, ẹ jẹ́ ká parí ìyókù."