Ẹja Òkun ní Ògbómọ̀ṣọ́

Òórùn òkun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan nílé ẹ̀kọ́ wa, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí òkun jìnnà sí pátápátá. Òórùn iyọ̀ ni, àti ti ewé inú omi, tó dà pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀kì. Ó kù díẹ̀ kí a wọ ọdún 1990 nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì. Dókítà òyìnbó kan tó ń padà sí Amẹ́ríkà ló fún mi ní àpótí gíláàsì ńlá kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Awakọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa bá mi gbé omi òkun wá láti Èkó, nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì tí mo rà ní Sábó, tí mo fi ọṣẹ fọ̀ títí òórùn òróró fi kúrò lára wọn. Ó tún bá mi kó òkúta inú òkun bọ̀, pẹ̀lú ẹja kéékèèké abilà, àti ohun ẹlẹ́mìí kan tó lẹ̀ mọ́ òkúta, tó ń ṣí tó ń padé bí òdòdó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí òkun rí máa ń fi iwájú orí kan gíláàsì náà, wọn a máa fi ìka tẹ̀ lé ẹja.

Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ ti ṣèlérí. Bí àwọn ẹja náà bá yè títí àwọn aláyẹ̀wò láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ fi dé, yàrá yẹn á di yàrá ìwádìí bàọ́lọ́jì. Bí wọ́n bá kú, á padà di ibi tí à ń kó àga tó kán sí. Kẹ́mísírì nìkan ló ní yàrá ìwádìí, ọ̀rẹ́ mi ló sì ń darí rẹ̀. A jọ lọ sí yunifásítì ni, a jọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan nígbà tí a ò tí ì rí yàrá gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ni ohun èlò kan ṣoṣo tí a fi ń wọn iyọ̀ inú omi wà. Láràárọ̀ ló ń wá bá mi wọ̀n ọ́n. Á bẹ̀rẹ̀, á dijú kan, á ní, “Iyọ̀ ò yẹ̀, ọ̀rẹ́. Wá nǹkan mìíràn.”

Mo sì ń wá nǹkan mìíràn, nítorí nǹkan ti ń bàjẹ́. Ohun tó dà bí òdòdó yẹn ló kọ́kọ́ padé, tí kò ṣí mọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Mo dín oúnjẹ wọn kù, nítorí omi inú àpótí tuntun kì í tètè lè wẹ ara rẹ̀ mọ́; oúnjẹ tó bá jẹrà síbẹ̀, májèlé ni. Mo tú ẹ̀rọ náà, mo fọ̀ ọ́. Mo fi aṣọ dí fèrèsé nítorí oòrùn. Mo tọ́ omi náà wò. Ó ń ta iyọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ahọ́n ta ló lè mọ ìgbà tí iyọ̀ ń dín díẹ̀díẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi náà ń bá mi ronú. Òun ló ní, “Àbí ìyá tó ń gbálẹ̀ ló ń da apakòkòrò síbẹ̀?” Ìyá náà fi Bíbélì búra. Ọ̀gá àgbà kò gbọ́, ó ní kí ó lọ máa gbá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọ.

Ohun kan wà tó yẹ kó ta mí lólobó. Ọyẹ́ ń mú gan-an lásìkò yẹn. Ìwọ náà mọ bí omi ìkòkò ṣe máa ń fà nínú ọyẹ́ láìsí ẹni tó bù ú. Omi àpótí mi kò fà. Ojú àmì tí mo fi bírò fà sí ara gíláàsì ló ń wà ṣáá. Mo bi ọ̀rẹ́ mi, ó ní òun lòun ń fi omi ẹ̀rọ kún un kó má baà di wàhálà sí mi lọ́rùn. Pé omi nìkan ni ọyẹ́ ń fà, iyọ̀ kì í bá a lọ. Òótọ́ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ọpẹ́ yẹn wà lára ohun tó ń ká mi lára jù.

Gbogbo ẹja náà ló kú kí àwọn aláyẹ̀wò tó dé. Ní yàrá olùkọ́, ọ̀gá àgbà ní, “Tísà, yunifásítì wo ni wọ́n ti kọ́ ọ láti fi omi pa ẹja?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Wọ́n kó àga padà sínú yàrá náà, èmi náà sì bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé mi kúrò. Wọ́n gbé mi lọ sí Ọ̀yọ́.

Ọ̀yọ́ náà ni mo ti pàdé ìyá ìyàwó ọ̀rẹ́ mi, nídìí ìsọ̀ tó ti ń ta aṣọ ọmọdé. Aládùúrà ni wọ́n, ọ̀rẹ́ mi àti ìyàwó rẹ̀ náà sì ni. Ìwọ náà mọ̀ bí omi òkun ṣe níyì tó lọ́dọ̀ wọn, pé wọ́n ń gbàdúrà sí i, wọ́n sì ń fi í wẹ̀.

“Ẹ̀yin kọ́ ni tísà ẹlẹ́ja, ọ̀rẹ́ ọkọ ọmọ mi?”

“Èmi ni, mà. Ẹ kú ọjà.”

“Hẹ̀n-ẹ́n! Olúwa á san án fún yín! Omi òkun yín yẹn, gbogbo ìjọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló jẹ̀gbádùn ẹ̀ o. Ọmọ mi fi wẹ̀, ó ti lóyún!”

“Omi òkun wo, mà?”

“Èyí tí ọkọ ẹ̀ ń fi garawa bù wálé látinú ilé ẹja yín ńkọ́? Ó ní ẹ ní kóun máa bù ú, kóun ṣáà ti máa fi omi ẹ̀rọ dí i. Àbí ẹ ti gbàgbé oore tẹ́ ẹ ṣe?”

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń súre. Mo ń ṣe àmín.

Nígbà tí mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò tiẹ̀ sẹ́. “Ká ní mo tọrọ ni, Onítẹ̀bọmi bíi tìẹ á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́,” ló wí. “Ìyàwó mi ń wá ọmọ, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ẹja. Ẹja tí kò tiẹ̀ ṣeé sè lọ́bẹ̀!” Ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n bá òun rẹ́rìn-ín.

Inú mi dùn sí oyún náà, mi ò ní purọ́. Ká ní ó tọrọ, ǹ bá tún rán awakọ̀ lọ sí Èkó. Òkun kì í ṣe tèmi. Ṣùgbọ́n ó fi orúkọ mi purọ́ fún ìjọ rẹ̀. Ó jẹ́ kí ìyá agbálẹ̀ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ru ẹrù rẹ̀. Ó fọwọ́ pa mí lẹ́yìn nígbà tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó sì mọ ohun tó pa ẹja. Èyí tí mi ò lè dárí jì ni ti àràárọ̀ yẹn: ó ń rí i kedere pé iyọ̀ ń dín, á wá gbé ojú sókè, á wò mí, á ní kò yẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Síbẹ̀, bí ìyàwó mi bá ní òun ti pa sítóòfù, mo ṣì máa ń dìde lọ wò ó. Ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ mi, á sì mí kanlẹ̀. Mi ò tí ì mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé òun kọ́ ni mi ò gbàgbọ́.