Ọlọ́run Tó Rìn Lórí Òkun Lọ

Bí mo bá ti gbóòórùn òróró ólífì, ọ̀sán olójò kan ní Thamesmead, nílùú òyìnbó, ni mo máa ń rántí. Mo fi amọ̀ mọ Viracocha fún iṣẹ́ ilé-ìwé: ọlọ́run tí àwọn Inca, ẹ̀yà ayé àtijọ́ kan, gbà pé ó dá ènìyàn, kó tó fẹsẹ̀ rìn lórí òkun lọ. Mummy ti ibi iṣẹ́ dé, ó rí i, ó da òróró àdúrà sí i lórí.

"Òrìṣà, nínú ilé mi? Mo dè ọ́ lórúkọ Jésù!"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́! Tíṣà ní ọlọ́run yìí ṣèlérí pé òun máa padà wá."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Àwọn tó fi sílẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n ń retí ẹ̀."

Mummy fi yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ rẹ̀ nu ère náà, ó rọra gbé e sójú fèrèsé, ó kọjú rẹ̀ síta. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Daddy kó ẹrù rẹ̀ lọ.