Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Kí N Kọ́kọ́ Mú

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí irun lẹ́sẹ̀ èèrà. Mo jókòó sórí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìdáàṣà, mo ki awò dúdú kékeré kan bọ ihò ojú mi ọ̀tún, mo sì tẹ orí ba títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkúta. Èèrà kan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Irun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bíi ti ewúrẹ́. Mo ké sí ìyá mi pé kó wá wò ó. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó ní òun kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi irun èèrà ṣe. Èmi ní tèmi gbà pé ẹni tó bá ti rí irun èèrà, kò sí iṣẹ́ tí kò ní í lè ṣe láyé mọ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà, agọ̀ mi náà sì ti tó ọmọ ogún ọdún.

Kí n tó sọ bí awò náà ṣe dé ọwọ́ mi, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, agbo ilé kan náà la ti dàgbà, oṣù mẹ́ta péré ló sì fi jù mí lọ. Oṣù mẹ́ta yẹn kì í ṣe ohun àmúṣeré nílé wa. Bí wọ́n bá gbé ẹran kalẹ̀ fún wa, òun ni yóò kọ́kọ́ mú. Bí iṣu sísun bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ nawọ́. Aṣọ tí wọ́n bá rà fún wa nígbà Nowẹ́lì, èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ ni tèmi. N kò bínú sí i, nítorí bí a ṣe bá ayé nìyẹn, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọdún tí mo já bọ́ lára òkè tí ẹsẹ̀ mi rọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀, kò gbé mi kalẹ̀ títí a fi délé.

Iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni àwa méjèèjì kọ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà nítòsí ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, a máa ń gé inú ọ̀pá ògùrọ̀ tó fúyẹ́, a máa ń fi kọ́ ilé kéékèèké bí àwọn ọmọdé ti ń ṣe, àfi pé tiwa ní ilẹ̀kùn tó ń ṣí tó sì ń tì. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira, òyìnbó kan tó ń bójú tó ilé kíkọ́ gba ìlú wa kọjá, ó rí ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá wa, ó sì dúró wò ó pẹ́. Ó ní àwọn ní yàrá kan ní Kùtọnù tí wọ́n ti ń ṣe irú rẹ̀. Makẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Kí wọ́n tó kọ́ ilé ńlá, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ kékeré rẹ̀, kí àwọn aláṣẹ lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí. Ó ní àyè ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú yàrá náà. Ó ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin Ìdáàṣà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní gáà, kí oníkálukú ṣe tirẹ̀, kí ó kéré sí ti gidi ní ìlọ́po àádọ́ta, kí pákó fèrèsé kankan má sì dín. Òun yóò padà wá lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹni tí tirẹ̀ bá dára jù ni òun yóò mú lọ.

N kò fẹ́ ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹni tó bá ti fi ọjọ́ mẹ́ta ro oko bàbá mi láàrin àwọn òkúta yẹn kò ní í bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé tí a bá sọ pákó fèrèsé gáà di kékeré bẹ́ẹ̀, kì í fẹ̀ ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ojú lásán kò ká a. Ọ̀gá wa ní kí a lọ bá bàbá aláàgo lọ́jà. Bàbá aláàgo jẹ́ Mùsùlùmí, Yorùbá tó ti apá Ọ̀yọ́ wá tẹ̀dó síbẹ̀, abẹ́ àtíbàbà kan ló ti ń tún aago ṣe, ó sì ní oríṣiríṣi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ọjọ́ tí à bá jọ lọ, ìyá mi rán mi lọ sí abúlé Tré kí n lọ bá àbúrò rẹ̀ wa iṣu. Inú mi bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló rẹ̀ mí lẹ́kún.

“Máa lọ jàre,” ó ní. “Màá bá bàbá sọ̀rọ̀ fún àwa méjèèjì.”

Nígbà tí mo fi dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó ti tẹ́ áńkáṣífù sórí àpáta, ó to awò méjì sórí rẹ̀. Ọ̀kan ni èyí dúdú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, irú èyí tí àwọn aláàgo ń há mọ́ ihò ojú, tí wọ́n ń pè ní lúùpù. Èkejì jẹ́ awò ojú méjì tí gíláàsì rẹ̀ nípọn, apá rẹ̀ kan ti kán, wọ́n fi òwú dì í. Ó jọ awò ìyá àgbà. Mo fi wo àtẹ́lẹwọ́ mi, àtẹ́lẹwọ́ mi kàn tóbi díẹ̀ sí i. Mo fi lúùpù wò ó, ilà ọwọ́ mi di ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà.

“Bàbá yá wa ní méjèèjì,” ẹ̀gbọ́n mi wí. “Mú ọ̀kan.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tòní yàtọ̀. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mú.”

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo rò ó pé ọkùnrin tó bá lè fi ipò àgbà rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò lọ́jọ́ tí ohun ńlá wà nílẹ̀, ọkùnrin náà fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ṣùgbọ́n èmi kò ka nǹkan kọjá ẹ̀fà lọ́jọ́ náà. Mo mú lúùpù. Ẹ̀gbọ́n mi mú èyí tó kù, ó sì fi áńkáṣífù rẹ̀ nù ún dáadáa.

Kí n má purọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, ọba ni mí. Lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Lúùpù yẹn kì í fi nǹkan hàn àfi tí mo bá gbé nǹkan náà sún mọ́ ojú títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìpéǹpéjú mi, ọ̀bẹ kò sì lè gba àárín lúùpù àti pákó kọjá. Nítorí náà, màá wò ó, màá yọ lúùpù, màá gé e láìríran dáadáa, màá tún há lúùpù padà láti wo ohun tí mo bàjẹ́. Ojú kan ṣoṣo ni mo fi ń ríran, n kò sì mọ èyí tó yọ síwájú mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó fà sẹ́yìn. Mo gé àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àyè tí mo ń rí lẹ́ẹ̀kan kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, ṣùgbọ́n nínú hóró ẹ̀wà yẹn, kò sí ẹni tó lè bá mi dọ́gba. Fèrèsé kan ṣoṣo gbà mí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí òdìkejì àgbàlá, ó gbé awò ìyá àgbà sójú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń súfèé. Mo tiẹ̀ ń káàánú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó bi mí láti ọ̀hún pé, “Ṣé awò yẹn dára?”

“Ó dára púpọ̀,” mo dá a lóhùn. “Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n.”

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ nígbà èwe mi, ẹ ṣé yẹn ló ń dùn mí jù.

Oṣù méjì pé, òyìnbó dé. A gbé ilé wa méjèèjì sórí tábìlì ọ̀gá wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ tèmi, ó fi ìka kan fèrèsé ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, ó sì sọ ní Faransé pé òun kò tíì rí irú fèrèsé yẹn rí, kódà ní Kùtọnù. Àyà mi wú. Lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, ó yọ rúlà, ó gbé e lé ara ògiri, ó bi mí tìyanutìyanu pé kí ló ń ti ilé náà ṣubú. Èmi náà fà sẹ́yìn. Ní oṣù méjì, ohun tí lúùpù bá fi hàn mí nìkan ni mo ti ń gbà gbọ́. Ìgbà yẹn ni mo wá fi ojú mi méjèèjì wo ilé náà láti òkèèrè. Gbogbo gáà mi dagun sápá kan bí ọ̀mùtí tó ń ti ibi òkú bọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò ní fèrèsé tó tó tèmi, ṣùgbọ́n ó dúró gbọnrangandan, òrùlé rẹ̀ jókòó bó ṣe yẹ. Òyìnbó kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀gbọ́n mi ló mú.

Èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ lọ sí gáà gidi. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé láti Parakú, ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, “Má bínú. Ọlọ́run ló ń yan ènìyàn.” Mo ṣe àmín.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo rántí pé a yá awò yẹn ni. Mo mú lúùpù lọ fún bàbá aláàgo. Ó gbà á, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

“Ìkejì rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ti mú un lọ sí Kùtọnù, bàbá. Èmi yan èyí, òun mú ìyẹn.”

“Yàn?” Ó gbé aago ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Ta ló ní kí ẹ yàn? Mo ní kí ẹ jọ máa lò ó ni. Awò ojú méjì lẹ ó máa fi ṣiṣẹ́, èyí lẹ ó máa fi yẹ ẹ́ wò tó bá parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ fún un. Mo tún rán an sí ọ.”

“Kí lẹ ní kó sọ fún mi?”

Ó mú ọ̀bẹ kékeré kan, ó gbìyànjú láti tì í sí àárín lúùpù àti èékánná rẹ̀, ọ̀bẹ kò wọlé. “Mo ní kó sọ fún ọ pé awò tí ọ̀bẹ kò bá ti lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, wíwò ló wà fún, kì í ṣe iṣẹ́.” Ó wo ojú mi. “Ṣé kò jẹ́ iṣẹ́ náà ni?”

Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán ẹ̀gbọ́n mi, ó sì gbé e mì. Inú bí mi débi pé mo kọjá ilé wa láìmọ̀, ọ̀nà tó lọ sí abúlé Kèrè ni mo bá ara mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó ní, “Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.” Ó tún ní kí n má sọ ọ́ jáde, kí agbo ilé má baà tú. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí, mo sì rí ibi tó ti ń ta mí. Bó bá jẹ́ pé ó kọ́kọ́ mú awò ojú méjì lọ́jọ́ náà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ohun tó ti ń ṣe láti kékeré ni, n kì bá sì rí ẹjọ́ kankan rò. Ó gbé ipò àgbà rẹ̀ fún mi bí ẹ̀bùn, inú ẹ̀bùn náà ló fi ọ̀bẹ sí. Èyí ni n kò lè gbé mì.

Bàbá aláàgo ló ní kí n wá jókòó ti òun. Mo kọ́ iṣẹ́ aago, nígbà tó sì re ibi àgbà ń rè, abẹ́ àtíbàbà náà di tèmi. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá wálé lọ́dún, mo máa ń kí i bí wọ́n ti ń kí ẹ̀gbọ́n, mo máa ń gba búrẹ́dì Kùtọnù lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ awò rí.

Ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá ni ọ̀kadà gbé ẹ̀gbọ́n mi wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó ní òun kò rí ìwé àdúrà òun kà mọ́, kí n wá awò kan fún òun. N kò ronú tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo tẹ́ áńkáṣífù, mo gbé lúùpù kékeré kan àti awò ojú méjì kan sórí rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n,” mo ní, “ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mú.”

Kò nawọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo ọ̀kánkán mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá ó ń rí mi.

“Ìwọ ni kó o mú fún mi,” ó ní.

Ẹ má rò pé ènìyàn rere ni mí. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ lúùpù, ó sì dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo mú awò ojú méjì, mo fi sí i lójú, mo so okùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn orí. Mo wá sọ fún un pé kó máa fi èyí kàwé, pé awò tí ọ̀bẹ kò bá ti lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, wíwò ló wà fún, kì í ṣe iṣẹ́.

Ó fi ìka kan okùn awò náà lẹ́yìn orí.

“Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí,” ó ní.

Kò bẹ̀ mí, n kò sì sọ pé mo ti dárí jì í, nítorí n kò mọ̀ bóyá mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé àdúrà rẹ̀, ó ka ìlà kan sókè láti fi dán awò náà wò, ó sì dìde. Mo dì í lápá mú títí ó fi gun ọ̀kadà. Lúùpù bàbá aláàgo ṣì wà nínú àpótí mi títí di òní. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kò bá sí, mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń fi wo àwọn èèrà tó ń kọjá. Irun ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn.