Ẹran Etí Àwo

Òórùn ẹran tí wọ́n ń yan lórí iná igi kì í jẹ́ kí n kọjá létí odò ní Woolwich, nílùú òyìnbó níbí, láìdúró. Ilé oúnjẹ àwọn ará Argentina kan wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo mú bàbá mi lọ lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n padà sí Abẹ́òkúta. Oṣù méjì ni wọ́n fi bá mi gbé ní Thamesmead. Àwọn arúgbó ẹlòmíràn ni mò ń lọ tọ́jú lójoojúmọ́, tèmi wà nílé, wọ́n ń wo pẹ́pẹ́yẹ inú adágún Birchmere láti ojú fèrèsé. Mo ní màá fi oúnjẹ ọjọ́ yẹn bẹ̀ wọ́n.

Ẹran dé, ó tóbi bí àtẹ́lẹsẹ̀. Bí Daddy ṣe gé e, omi pupa ṣàn jáde. Wọ́n yọwọ́. "Bá mi sọ fún un pé kò tíì jinná." Ẹ̀ẹ̀mejì ni agbóúnjẹ, ọkùnrin onírun funfun kan, gbé e padà sórí iná, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n ń bà lọ́jà jẹ́. "Ata ńkọ́?" ni Daddy tún bi mí. Ewé tútù tí a fi áyù àti òróró pò ló gbé wá. Wọ́n tọ́ ọ wò: "Wọn ò burú, ata ni wọn ò mọ̀." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, bàbá kì í jẹ ẹran tán nílé wa. Èmi àbíkẹ́yìn ni mo máa ń kó àwo Daddy, ibi tó dùn jù lára ẹran ni wọ́n sì máa ń ṣẹ́kù sétí àwo. Wọn ò ní sọ̀rọ̀, èmi náà ò ní sọ̀rọ̀, màá jẹ ẹ́ lórí ìdúró ní kíṣìnnì. Bí wọ́n bá nà mí lọ́sàn-án, ẹran alẹ́ ni mo fi ń mọ̀ pé ìjà ti parí.

Fóònù mi dún. "Daddy, ẹ má bínú, manager mi ni. Ó fẹ́ kí n cover shift ọ̀la." Ọ̀la tí mo fẹ́ sìn wọ́n lọ wọkọ̀ òfurufú! Mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń ṣàlàyé, títí ó fi gbà. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, agbóúnjẹ ti ń kó àwo. Ó béèrè bóyá a ti ṣetán, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tó yíjú ni mo tó rí i létí àwo Daddy: ẹyọ ẹran kan, ó nípọn, ọ̀rá rẹ̀ pọ́n dáadáa, wọ́n ti gé e sọ́tọ̀. Daddy ń wo odò. Ojú tì mí láti pe ọkùnrin náà padà.

Ọdún mẹ́ta rèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìjọba ibí ti kọ̀ láti fún Daddy ní físà, eyín wọn ti lọ, ẹja rírọ̀ ni wọ́n ń jẹ báyìí. Kò sí ẹran tí wọ́n tún máa ṣẹ́kù fún ẹnikẹ́ni. Àárò wọn ń sọ mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, lórí fídíò, mo jẹ́wọ́: "Daddy, ẹran tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ní Woolwich, mi ò jẹ ẹ́ o. Mi ò tètè rí i."

Wọ́n dá mi lóhùn: "Mo rí i pé o ò mú un. Mo rò pé o ti dàgbà ni."

Ẹran tí mo ti jẹ nílùú yìí kò kéré, ẹyọ kan yẹn ni ebi rẹ̀ ṣì ń pa mí. Mi ò tíì dàgbà kúrò nídìí àwo Daddy.