Báàgì tí Jùbrílù Fẹ́ Fi Ru Ìgalà

Bí ẹ bá dé Láfẹ́nwá tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbọ́ nípa olóògbé Bàbá Jùbrílù, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀. Bàbá lọ sí ìsọ̀ Muideen, ọmọkùnrin kan tó ń ta báàgì òkìríkà. Ó já báàgì ẹ̀yìn ńlá kan sílẹ̀ lórí ìkọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ mọ bí yóò ti rí bí ẹran bá wà nínú rẹ̀. Muideen rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ó yíjú sí oníbàárà mìíràn. Kí ó tó yíjú padà, bàbá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn elewúrẹ́, ó ti ki ewúrẹ́ kan bọ inú báàgì náà, ó ti fa sípù dé ọrùn rẹ̀, ó sì ti gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó ń lọ lẹ́bàá ojú irin pẹ̀lú ìrìn ọdẹ.

Ewúrẹ́ ń ké, ìyá elewúrẹ́ ń ké, gbogbo ọjà dìde. Nígbà tí wọ́n lé e bá, òun nìkan ni inú rẹ̀ dùn nínú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

"Olè! Bàbá àgbà, ojú ò tì yín?"

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ bá mi wo èjìká mi. Ṣé okùn yìí wọ̀ mí lára?"

"Ẹ gbé ewúrẹ́ mi sọ̀kalẹ̀!"

"Mo ń gbé e bọ̀. Ó ku òkè kan ṣoṣo tí mo fẹ́ gùn wò."

Wọ́n gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Muideen gba báàgì, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó fi ọwọ́ di imú. "Bàbá, ewúrẹ́ ti tọ̀ síbí o!" Bàbá Jùbrílù fi ọwọ́ pa ìdí báàgì náà, ó sì mi orí bí adájọ́. "Ṣó o rí i? Kò jò."

Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n bí i sí ní Ìtòkú, níbi tí bàbá rẹ̀ ń ta aṣọ, tí ẹ̀gbọ́n ń ta aṣọ, tí àbúrò sì ń dúró de ìgbà tí aṣọ yóò kàn án. Òun nìkan ló wo ọ̀tún wo òsì tó lọ mú ìbọn. Mùsùlùmí òdodo ni, kì í jẹ ẹran tí a kò dárúkọ Ọlọ́run sí, ìdí nìyí tí ó fi máa ń ṣe Bísímílà kí ó tó yìnbọn. Kò sí ẹni tó bá a wí fún ìyẹn. Ohùn tó fi ń ṣe é ni wàhálà: ohùn ẹni tó ń pe ìrun ni. Kí ó tó ṣe é dé ìdajì, ọ̀yà ti gbọ́, ó ti ṣe Àmín, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ.

"Ẹ máa sọ ọ́ sínú," ni Saidat ìyàwó rẹ̀, aláró ní Ìtòkú, máa ń sọ fún un. "Ọlọ́run kì í ṣe adití."

"Ẹran náà ńkọ́?" ni bàbá máa ń dá a lóhùn. "Ṣé kò yẹ kó gbọ́ ni?"

Síbẹ̀, ọjọ́ kan wà tí ẹran kò sá. Nínú igbó jíjìn lẹ́yìn Ọ̀pẹjì, Bàbá Jùbrílù dá pa ìgalà ńlá kan. Kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti gbé e, apá rẹ̀ kò ká a. Ó já ewé, ó fi bò ó, ó sáré lọ pe èèyàn wá. Nígbà tí wọn yóò fi dé ibẹ̀, àwọn kan ti gbé ẹran lọ, ewé ló kù. Bàbá ń fi ọwọ́ júwe ibi tí orí wà àti ibi tí ẹsẹ̀ wà, àwọn èèyàn ń wo ewé, wọ́n ń wo ara wọn.

Ṣọ́ọ̀bù Theophilus ni ọ̀rọ̀ náà ti wá gba orúkọ. Theophilus, tí gbogbo wa ń pè ní Tìó, ni onígbàjámọ̀ Láfẹ́nwá, ọ̀rẹ́ Jùbrílù láti kékeré. Ó tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rò pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ ń lọ. Òun ló sọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọdẹ Eléwé. Bí bàbá bá ti ń kọjá, Tìó á na ọrùn síta: "Ọdẹ Eléwé! Kí lo pa lónìí, ṣé tẹ̀tẹ̀ ni àbí ṣọkọ̀?" Àwọn tó wà lórí ìjókòó á rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé wọn létí.

Bàbá náà máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ẹni tí a pè ní olè lè dá ohun tó jí padà. Ẹni tí a pè ní òpùrọ́, kí ni yóò dá padà? Ohun kan ṣoṣo ni ó ń tọrọ: kí wọ́n gba òun gbọ́ kí òun tó kú. Ó rò ó títí, ó rí i pé kì í ṣe ìbọn ló já òun kulẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yìn ni. Bí òun bá ní báàgì tí ẹnì kan lè fi ru ìgalà dé ilé, òun yóò tú u sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Tìó, ọ̀rọ̀ yóò sì tán.

Ẹran ńlá kò sì sí nítòsí mọ́. Ní Alábàtà tí àwọn bàbá wa ti ń pa ọ̀yà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kún ibẹ̀ báyìí, a kò sì lè yìnbọn sí akẹ́kọ̀ọ́ bó ti wù kí wọ́n pariwo tó. Ẹni tó bá fẹ́ ìgalà gbọ́dọ̀ wọ inú lọ jìnnà, kí ó sùn síbẹ̀, kí ó sì dá ru ẹrù rẹ̀ bọ̀. Nítorí náà ni bàbá ṣe sọ ìsọ̀ Muideen di ilé ẹjọ́ báàgì.

Báàgì kan lágbára dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń dún ṣá-ṣá bí ọ̀rá búrẹ́dì. Bàbá gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó ń yọ́ tẹ̀lé adìẹ kan láàárín ọjà. Adìẹ bojú wẹ̀yìn. Bàbá bọ́ báàgì sílẹ̀.

"Bàbá, adìẹ yẹn ò gbọ́ yín, ó rí yín ni," ni Muideen sọ.

"Ìgalà náà lójú."

Nígbà tó yá, ó rí èyí tó wù ú. Irin fẹ́lẹ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò jẹ́ kó ṣẹ́ po, bẹ́líìtì gbòòrò sì wà tó ń gbé ẹrù kúrò léjìká sí ìbàdí. Wọ́n ná an títí ọ̀fun fi gbẹ. Bàbá ní bí òun kò bá rí ẹran pa, òun yóò dá báàgì padà. "Báàgì ni mo ń tà," ni Muideen ń kígbe, "n ò ta ẹran mọ́ ọn!" Níkẹyìn ó fi í sílẹ̀ ní iye tí bàbá fẹ́, nítorí àwọn oníbàárà ti ń dúró wo ìran dípò kí wọ́n rajà.

Àléébù kan ṣoṣo ni báàgì náà ní. Ó pupa rúsúrúsú bí ọsàn tó pọ́n, ìgalà tí kò bá sì rí i, afọ́jú ni. Bàbá gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀ nídìí ìkòkò aró.

"Aró kì í mú ọ̀rá, Bàbá Zàíd," ni Saidat sọ, orúkọ ọmọ wọn ló fi ń pè é.

"Rì í bọ̀ ọ́. Má ṣáà sọ fún aró pé ọ̀rá ni."

Ó rì í bọ̀ ọ́. Báàgì jáde ní kàlákìnní bí ẹyẹ ẹtù. Bàbá ní àwọ̀ tí sójà ń wọ̀ gan-an nìyẹn, pé òun ti ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn lọ sí mọ́ṣáláṣí kí okùn lè mọ èjìká òun. Oòrùn mú, bàbá làágùn, aró sì rántí pé òun kò mú ọ̀rá. Jàlàbíà funfun bàbá di aláró léjìká méjèèjì. Nígbà tó sì jẹ́ pé èjìká sí èjìká ni wọ́n ń kírun, àwọn méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà gba tiwọn lọ sílé.

Lẹ́yìn èyí ni ó gbé ìbọn, ó gbé báàgì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Tìó.

"Dìde, ká lọ."

"Lọ síbo?"

"Lọ wo irọ́ mi."

Tìó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀. Ta ni kò ní fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fojú rí irọ́ níbi tó ń gbé?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó, ẹnu Tìó ni a ti gbọ́ ọ. Wọ́n sùn síbẹ̀. Ní òwúrọ̀, ìgalà kan jáde wá mu omi. Bàbá Jùbrílù gbé ìbọn sókè, ó sì ṣe Bísímílà bó ti máa ń ṣe é, igbó gba ohùn. Ìgalà náà kò mira. Tìó ní ó dá òun lójú pé àgbà ti dé sí ẹran náà, etí rẹ̀ ti di. Ìbọn dún, ẹran ṣubú, bàbá sáré lọ fi ọ̀bẹ dúńbú rẹ̀. Tìó yọ fóònù, ó ya àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìwo rẹ̀.

"Jùbrílù," ló wí, "ìgalà ni."

Bàbá fi ìbọn ti ara igi. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà, ó ń sunkún.

Wọ́n kun ún, ó wọ inú báàgì, irin kò tẹ̀, okùn kò já. Wọ́n mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Nígbà tí wọ́n ń sọdá odò, Tìó ń wo àwòrán inú fóònù dípò kó máa wo òkúta tó ń tẹ̀. Ó yọ̀. Fóònù bá omi lọ, ọrùn ẹsẹ̀ Tìó sì dún kọ̀. Kò lè dìde.

"Lọ pe èèyàn wá," ni Tìó wí.

"Mo ti ṣe ìyẹn rí," ni bàbá dáhùn. "Nígbà tí mo padà dé, ewé ló kù."

Ó wo báàgì, ó wo Tìó. Tìó kì í gbàgbé láti fi kún un pé ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó ẹran jáde, ó so ó mọ́ ẹ̀ka igi, ó yọ ọ̀bẹ, ó sì lu ìdí báàgì tó fi ojú gbogbo ọjà wá yẹn ní ihò méjì fún ẹsẹ̀. Ó ki ọ̀rẹ́ rẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó fa bẹ́líìtì, ó pọ̀n ọ́n. Ó ń rìn, ó ń sinmi, ó ń rìn. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Láti ẹ̀yìn, Tìó ń pariwo pé kó yára díẹ̀, oòrùn ń pa òun.

Alábàtà ni wọ́n já sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rí bàbá arúgbó tó pọ̀n bàbá arúgbó, wọ́n sì ya fídíò kí wọ́n tó pe ọkọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Láfẹ́nwá lọ wá ẹran náà, okùn lásán ló wà lórí igi. Fídíò ti tàn ká ìlú nígbà náà. Wọ́n ní ẹ̀yin náà ẹ wo ọdẹ: ó ní òun ń lọ pa ìgalà, onígbàjámọ̀ ló pa bọ̀.

Tìó fi ẹsẹ̀ sínú P.O.P. tí wọ́n fi dì í nílé ìwòsàn, ó ń jẹ́rìí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Kò sí ẹni tó gbà á. Wọ́n ní Ọdẹ Eléwé ti kó irọ́ ràn án. Ó gbé Bíbélì, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó di igi mọ́wọ́, ó tiro lọ bá Jùbrílù nílé.

"Wọn ò gbà mí gbọ́!"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà?"

"Mo wà níbẹ̀, Jùbrílù!"

"Ó tó. Saidat, bu oúnjẹ fún Tìó."

Látọjọ́ náà, bàbá kò sọ ìtàn ìgalà mọ́. Ṣé ẹnì kan tí yóò gbà á gbọ́ ló ti ń wá láti ọjọ́ yìí, ó sì ti rí i. Nígbà tí ó kú, ara rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, Tìó dúró lẹ́yìn àwọn tó ń kírun sí i lára, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Nísinsìnyí, Tìó ló ń sọ ìtàn náà, ìwo ìgalà ọ̀hún sì ń gùn sí i lọ́dọọdún. Bí oníbàárà bá ní irọ́ ni, Tìó á pa ẹ̀rọ, á bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀. "Dìde. N kì í gé irun ẹni tó bá pe ọ̀rẹ́ mi lópùrọ́." A ti rí ọkùnrin kan tó fi ààbọ̀ orí rìn dé Kuto kó tó padà wá bẹ̀bẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kàn mí. Ẹ̀rọ dúró ní àtàrí mi.

"Ìwọ, ṣé o gbà pé Jùbrílù pa ìgalà?"

"Mo gbà, Bàbá."

Ó gé irun mi tán, ó gbọn aṣọ. Mo sanwó, mo dé fìlà, mo jáde sí títì, níbi tí Tìó kò ti lè fi ẹ̀rọ ṣe mí ní ohunkóhun mọ́. Mo dúró, mo tún bi ara mi. Mo gbà.