Àwo Orin Bàbá Mi Lórí Páànù

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní etí ọ̀tún òun ti di, ti òsì náà ti ń tẹ̀lé e, òun sì fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí gbogbo rẹ̀ tó parí. Ohùn bàbá mi kò sì sí níbòmíràn ju inú àwo orin kan ṣoṣo lọ. Nígbà tó wà ní géńdé, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbéra láti Ìdígní lọ sí Kútọnu, wọ́n kọ orin sínú àwo dúdú. Bàbá mi ló lé e, àwọn yòókù gbè é. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ ọ ti bàjẹ́ ṣáájú ikú rẹ̀, àwo náà sì wà lábẹ́ ibùsùn ìyá mi pẹ̀lú àwọn mìíràn, nínú àpò ìrẹsì.

Èmi aránṣọ, tí mo ti pa àwo tì láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti dé, tí mo ń gbọ́ orin nínú pọ́tábù, fóònù ọwọ́ mi, bí gbogbo ayé, ni mo tún di ẹni tó ń wá ẹ̀rọ àwo kiri. Mo rí ọ̀kan nínú ẹrù àlòkù ní ọjà Kútọnu. Kì í ṣe ẹ̀rọ olówó o. Ìdérí rẹ̀ ti sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sí, ìdérí ìgò ni mo fi tì í. Mo so ó mọ́ báfù kékeré kan tí ohùn yóò máa gbà jáde. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan nínú àwọn àwo yòókù sí i, tí orin jáde, mo jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ká bí ọmọdé.

Àfi ìgbà tí mo gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sókè, tí mo rí ìyẹ̀fun dúdú lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà ti gbó, ó ń họ àwo jẹ. Ẹ̀rù wá wọ inú mi. Mo ní n kò ní gbé àwo bàbá mi sí i títí n ó fi rí abẹ́rẹ́ tuntun.

“Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, Màmá. Eruku ló ń pa àwo.”

“Ojo ni ẹ́,” ni ìyá mi wí. “Bàbá ẹ kì í bẹ̀rù dísìkì.”

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tí ó ní kí n tún un sọ, àyà mi á já. N kò mọ èyí tí yóò ṣáájú, bóyá abẹ́rẹ́ ni yóò dé ni àbí etí rẹ̀ ni yóò lọ.

Abẹ́rẹ́ dé. Mo wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Kétu, mo ti gbà á sọ́wọ́, nígbà tí ìyá mi pè mí.

“Mo ti bá ẹ fọ àwọn dísìkì yẹn o. Omi àti ọṣẹ ni mo fi fọ̀ wọ́n, eruku kankan ò sí lára wọn mọ́. Mo ti sá wọn sórí páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́. Kí o tó dé, wọ́n á ti gbẹ.”

Ó pa fóònù. Lọ́dọ̀ tiwa, ohunkóhun tí omi bá kàn, oòrùn ló ń lọ: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, aṣọ, tìmùtìmù. Ta ni ó máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni? Èmi tí mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ nípa eruku, n kò sọ̀rọ̀ oòrùn rárá. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ni. Páànù tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí, ènìyàn kò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lọ́sàn-án. Mo pè é padà, mo pè é, mo pè é. Kò gbọ́ bó ṣe ń dún.

Mo fò sórí zẹ́mì, alùpùpù akérò tó kọ́kọ́ dúró. Mo ní kí ó sáré.

“Ṣé ẹnì kan kú ni?” ni onízẹ́mì bi mí.

“Kò tíì kú,” ni mo dáhùn.

Ló bá tẹ̀ ẹ́. Eruku pupa bò wá, a ń fò lórí kòtò, mo di abẹ́rẹ́ náà mọ́ àyà. Ẹ̀rù ń bà mí pé a ó ṣubú, ẹ̀rù sì ń bà mí pé a kò yára tó.

Ìyá mi jókòó lábẹ́ igi, ó ń fi ọ̀pá lé adìyẹ kúrò lórí ẹ̀gẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Ti bàbá ẹ ni mo gbé síbi tí oòrùn ti pọ̀ jù,” ni ó wí, “kó lè kọ́kọ́ gbẹ.”

Etí àwo náà ti ká sókè bí ewé tí a fi iná ràn. Inú bí mi. Mo la ẹnu láti pariwo, ṣùgbọ́n ó ti ń wo ojú mi, ẹ̀rù sì ti ń ba òun náà.

“Ṣé mo ti bà á jẹ́ ni?”

“Rárá, Màmá.”

Mo gbé àwo náà wọlé sórí ẹ̀rọ, mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Mo gbé e lé ìbẹ̀rẹ̀ orin. Ó dé ibi tó ká, ó ta dànù. Mo tún gbé e, ó tún ta. Gbogbo ibi tí bàbá mi ti lé orin náà ló fò kọjá, ó lọ balẹ̀ sí ìparí, níbi tí òun ti dákẹ́, tí gìtá ń dún, tí àwọn elégbè nìkan ń dáhùn léraléra pé, “A ò ní tì í.”

Ìyá mi fi etí òsì ti báfù. Ó dúró, ó ń retí. “Bàbá ẹ ńkọ́?” ni ó bi mí.

Ó wú ikọ́ díẹ̀, ó sì kọrin sáàárín gìtá náà:

“Bí mo bá pẹ́ lóko, ẹ má tilẹ̀kùn.”

“A ò ní tì í,” ni àwọn ọkùnrin inú àwo dá a lóhùn.

Ó tún lé e, wọ́n tún gbè é. N kò gbọ́ orin yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹkún gbọ̀n mí.

Nígbà tó parí, ó di ọwọ́ mi mú. “Tún un fi sí i,” ni ó wí. “Ìwọ ni kí o lé e. Mo fẹ́ mọ̀ pé o ti mọ̀ ọ́n.”

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti orí zẹ́mì lọ. Mo gbé abẹ́rẹ́ padà síbi ìparí orin.